Ìṣirò Òtútù Ìyá Mi

Lóṣù keje, tí atẹ́gùn ọ̀sà bá ti tutù tán,
ilé ìyá mi ní Ìdí-Òro, lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́,
a máa dún bí ìgò òfìfo tí ọmọdé ń fẹnu fọn.
Òrùlé páànù. Ògiri bíríkì tí a kò rẹ́.
Ihò kan lókè fèrèsé, ó tó ìkúùkù géńdé.
Ìyá ní orúnkún òun ti ń sọ̀rọ̀ lóru.
Mo ní kí ló ń sọ?
Ó ní, "Ó ń bi mí pé ọmọ mi dà."

Mo mú bírò, mo ya ojú ewé kan nínú ìwé Múníbà.
Èmi tí mo ń gba owó ọkọ̀ ojú omi lébùúté,
tí mo ń ṣírò ṣẹ́ńjì nínú òjò,
ìṣirò wo ló máa bà mí lẹ́rù?

Ẹ̀rọ amúlégbóná tí Nọjímù fi ránṣẹ́ láti Kánádà:
ó funfun bí eyín àkọ́hù,
ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá ihò ògiri wa mu.
Mo ra èyí tó so wọ́n pọ̀.
Iná dé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó lo ogójì ìṣẹ́jú.
Ilé gbóná, Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti dé Kánádà.
Iná lọ.
Láti ọjọ́ náà, àgbébọ̀ adìẹ kan ló ń sùn lórí rẹ̀.

Kẹrosíìnì? Ẹ má jẹ̀ẹ́ n dárúkọ iye tí wọ́n ń ta ìgò kan.
Ẹni tó bá gbọ́ ọ nínú òtútù, á làágùn.

Gáàsì ń bẹ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ọ̀kadà ló ń gbé e wá,
owó ọ̀kadà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gáàsì.
Ìyá tún ní òun ò lè bá ohun tó ń mí
tí kò ní imú sùn ní yàrá kan.

Èédú...
Mo rántí ilé Lámídì, ọdún kẹta rèé.
Wọ́n gbé ìkòkò èédú wọlé, wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n sùn.
Ilẹ̀ mọ́ bá wa. Kò mọ́ bá wọn.
Mo fa ìlà lé èédú lórí títí ìwé fi ya.

Gàníyù, níbi ìlagi ní bèbè ọ̀sà, ló pè mí:
"Ìyẹ̀ pákó ń ṣòfò níbí bí yanrìn.
Mú àpò wá, mi ò gba kọ́bọ̀."
A lu ihò sí ìdí agolo ọ̀dà,
a ti ọ̀pá bọ àárín, a ki ìyẹ̀ mọ́ ọn, a fa ọ̀pá yọ.
Ìta la ń dá a, lábẹ́ àtíbàbà;
ó ń jó jẹ́jẹ́, bí àgbà tó ń jẹ obì.
Bíríkì méjì ló ń gbóná lórí rẹ̀:
a fi àkísà wé wọn, a gbé wọn síbi ẹsẹ̀ Ìyá.
Ihò òkè fèrèsé, amọ̀ etí odò ni mo fi dí i,
pẹ̀lú sìmẹ́ńtì àjẹkù ọwọ́ aládùúgbò.

"Ka ìwé yẹn sí mi létí," Ìyá wí.
Mo kà á tán.
"O ò kọ Múníbà."
Mo ní Múníbà kì í ṣe iná.
"Ta ló ń fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn mi láti Sátidé?
Kọ ọ́. Kọ búrẹ́dì tó ń jẹ, kọ ìpara rẹ̀.
Ìtọ̀ tó tọ̀ sí mi lára lánàá, yọ ìyẹn kúrò,
ó kọ́kọ́ móoru, kó tó tutù."

Mo kọ ọ́. Ìṣirò mi dàrú.

Láàárọ̀, bíríkì ti tutù bí òkúta odò.
Múníbà ṣì ń hanrun.
Àgbébọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ Nọjímù,
ó fi ẹyin kan sílẹ̀ níbẹ̀.
Mo fọwọ́ kàn án:
ó lọ́ wọ́ọ́wọ́.